Táyé Tí Kẹ́hìndé Rí Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bí ìbejì rí, àti ẹ̀yin tí ẹ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́rùn mi yìí ti ju agbára mi lọ. Ọmọ mi Kẹ́hìndé ń bọ̀ wá sílé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ yìí. Oyún wà nínú rẹ̀, oyún àkọ́kọ́, ó sì ti tóbi débi pé bàtà rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́. Kò ní kí n se oúnjẹ kankan de òun. Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ mí fún: kí n mú òun lọ síbi tí wọ́n sin Táyé sí. Táyé ni ìkejì rẹ̀, ọmọ mi tí ó kú kí n tó já wọn lẹ́nu ọmú. Ẹ gbọ́, èmi ìyá tí mo bí i, n kò mọ ibẹ̀. Ọmọ tí mo lóyún, tí mo bí, tí mo pọ̀n, inú ilẹ̀ Ìlá Ọ̀ràngún yìí ni ó wà, n kò sì mọ apá ibi tí wọ́n gbé e sí. Ẹni kan ṣoṣo tí ó kù láyé tí ó mọ̀ ọ́n sì ti ní òun kò ní sọ. Kí ni ìyá lè ṣe sí irú èyí?

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó lè yé yín. Aránṣọ ni mí. Mùsùlùmí ni wá nílé, èmi àti bàbá àwọn ọmọ, ẹni tí Ọlọ́run ti pè tipẹ́. Nígbà tí mo bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, ayọ̀ kún ilé wa. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, a gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún, a gbé èkejì sí apá òsì, a máa jó káàkiri ojúlé. Àfi bí àìsàn kan tí ń sú sí àwọn ọmọdé lára ṣe wọ àdúgbò wa. Ó mú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan bọ́, ọ̀kan kò bọ́. Kò sí ẹni tí ó wí fún mi pé Táyé kú. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ bò ó, ó ní, "Ìyá Ìbejì, Táyé ti lọ sí Èkó." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń wí. Wọn kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú, kí èyí tí ó kù má baà gbọ́ kí ó sì tẹ̀ lé ìkejì rẹ̀. Wọn kì í sunkún rẹ̀. Wọn kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ọkùnrin ilé gbé e jáde, Ìyá Àgbà tẹ̀ lé wọn, wọ́n padà dé, wọ́n fọ ọwọ́ wọn. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa ìsìnkú ọmọ mi.

Láti ìgbà náà, gbogbo Iléyá tí mo bá rán aṣọ fún Kẹ́hìndé, méjì ni mo ń rán. Ìyá Àgbà ni ó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọkàn ẹni tí ó lọ lè balẹ̀. Kẹ́hìndé a jókòó tì mí lẹ́bàá ẹ̀rọ, a máa ka bọ́tìnnì fún mi. "Màámi, ṣé yóò bá Táyé mu?" Mo ní yóò bá a mu. "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" Mo ní, "Ẹ dọ́gba." Bí mo bá parí rẹ̀, Ìyá Àgbà a fi ọ̀kan sínú ọ̀rá, a ní òun fẹ́ lọ fún awakọ̀ kan tí ń lọ sí Èkó. Ọ̀tan Ayégbajú ni ó ń gbé e lọ, ọmọ aláìní tí ó bá kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni yóò fún. Ọmọ mi kò mọ ìyẹn. Aṣọ ni ó rí, tí wọ́n ká, tí wọ́n dì, tí ó bá ọkọ̀ lọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Èkó kan náà nípa ìbejì ilé ẹlòmíràn, ó sì yé e. Ṣùgbọ́n orí ni ó yé, kò yé ọkàn. Ta ni ó ń rán aṣọ sí òkú? Ohun tí ó ń rò nínú ara rẹ̀ nìyẹn, tí kò tíì sọ fún mi nígbà náà.

Kẹ́hìndé kàwé. Ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ó sì ti pàdé Núrú ọkọ rẹ̀. Lọ́dún yìí tí gbogbo ayé ń pariwo pé bí ó bá ti di ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, kọ̀ǹpútà kò ní mọ ọjọ́ tí ó wà mọ́, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn gan-an. Báńkì kan ní ètò tuntun tí yóò máa tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì gbé e fún ilé-iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n wá gbogbo àbùkù ara rẹ̀ jáde. Ọwọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ra irinṣẹ́ kan láti òkè òkun, ètò kọ̀ǹpútà ni òun náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa yọ ètò mìíràn lẹ́nu. Yóò tẹ ibí, yóò tẹ ọ̀hún, yóò ṣe bí oníbàárà tí ó gbọ́n, yóò tún ṣe bí èyí tí kò mọ nǹkan kan, ibi tí ètò náà bá ti ṣìnà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó wá kí mi tí ó sọ ọ́ fún mi, mo ní, "Áà, ìyá ọkọ ni irinṣẹ́ yìí!" Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ rọra o, Màámi, kí Ìyá Àgbà má gbọ́."

Ó wá ṣàlàyé pé òyìnbó tí ó ṣe irinṣẹ́ náà kò mọ ilé wa. Kò mọ bí orúkọ wa ṣe ń gùn tó, kò mọ irú ènìyàn tí ń bẹ níbí. Ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹni tí ó bá rà á lè ṣe àfikún tirẹ̀, kí ó sì so ó mọ́ ọn. Àwọn àfikún yẹn ni Kẹ́hìndé ń ṣe. Èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Jáfà ni ó fi ń kọ wọ́n. Nígbà tí ó rí i pé kò tíì yé mi, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. "Màámi, bí ẹ bá fẹ́ ran síìpù, ṣé ẹ máa ń ra ẹ̀rọ mìíràn ni?"

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ẹsẹ̀ síìpù ni n ó yí sí i."

"Ó parí nìyẹn. Ẹsẹ̀ síìpù ni èmi ń ṣe."

Ni mo bá ń fọ́nnu fún àwọn oníbàárà mi pé ọmọ mi ń ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ó jọ̀wọ́ kí ó bá òun mú ọ̀kan bọ̀, ti ẹ̀rọ òun ti kán.

Kíkọ rẹ̀ kọ́ ni ó le jù, ó ní gbígbé e dé ibi iṣẹ́ ni. Bí ó bá kọ ọ́ tán, kọ̀ǹpútà a tú u sí èdè tirẹ̀, a di gbogbo rẹ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo, Kẹ́hìndé a gbé e sórí díìsìkì, a gbé e lọ sí báńkì, a fi í síbi tí irinṣẹ́ náà ti máa ń wá àfikún, a pa irinṣẹ́, a tún un ṣí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, irinṣẹ́ náà ṣe bí ẹni pé kò rí i rárá. Ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọ́fíìsì tiwọn! Ó pè mí lórí tẹlifóònù Alhaja tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó béèrè ohun tí òun ó ṣe. Kí ni èmi mọ̀? Mo ní, "Ṣé o ṣe bísímílà?" Ó ní, "Màámi, mo ṣe é." Ìgbà tí ó wá a títí ni ó rí i pé Jáfà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà báńkì ti pẹ́ ju èyí tí òun fi ṣe àfikún lọ; ẹsẹ̀ tuntun ni, ọ̀pá ẹ̀rọ àtijọ́ kò gbà á. Ó padà lọ fi ti àtijọ́ tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, irinṣẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ìwà àná ni ó tún ń hù, àṣé àfikún ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò yọ ọ́ kúrò, òun ni irinṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń bá pàdé. Iṣẹ́ sùúrù ni. Mo máa ń gbàdúrà fún un lórí rẹ̀ ju bí mo ṣe ń gbàdúrà fún iṣẹ́ ara mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbejì ni ó wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí irinṣẹ́ òyìnbó yìí bá ti rí ènìyàn méjì tí orúkọ bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ìlú wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ọjọ́ ìbí wọn sì jẹ́ ọ̀kan, yóò figbe ta pé ẹnì kan ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n pa ọ̀kan rẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá! Ọ̀gá wọn ní, "Kẹ́hìndé, ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn." Ó bá jókòó, ó ṣe àfikún kan tí yóò máa wo orúkọ: bí ó bá rí Táíwò àti Kẹ́hìndé, yóò so wọ́n pọ̀ ní ìbejì, yóò sì fi wọ́n sílẹ̀ ní ẹni méjì. Kí ó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sáàárín orúkọ àwọn oníbàárà tí báńkì fún wọn láti fi dán ètò wò. Ohun tí ó ń retí ni kí àfikún náà sọ pé Kẹ́hìndé yìí kò ní ìkejì. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú Táíwò kan jáde. Táíwò Ràjí; Ràjí sì ni orúkọ bàbá àwọn ọmọ mi. Ará Ìlá Ọ̀ràngún. Ọjọ́ ìbí kan náà. Èkó ni ó sì ń gbé.

Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ká etí aṣọ lọ́wọ́, mo gbé ojú sókè, mo rí ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà láìránṣẹ́ síwájú, òun nìkan, pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti inú ọkọ̀. Kò tilẹ̀ tíì mu omi tí ó fi ń sọ ọ́. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ibi iṣẹ́, nítorí wọn kò gbọdọ̀ mú orúkọ oníbàárà jáde, bí ọ̀gá òun bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun yóò lọ sí Èkó kí òun tó bímọ, òun yóò dúró níwájú báńkì yẹn. Mo ní, "Báwo ni o ó ṣe dá a mọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo bi í. "Ojú mi ni n ó máa wò, Màámi. Bí mo bá rí ojú ara mi, n ó mọ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi wò ó. Mo rí aboyún lójú títì Èkó, tí ń wo ojú gbogbo obìnrin tí ń kọjá, tí ń wá ẹni tí ó ti di erùpẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀nà Èkó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ohun tí Ìyá Àgbà fi ń dẹ́rù bà mí láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́: ìkejì yóò gbọ́, yóò tẹ̀ lé e. Àti oyún inú rẹ̀! Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọ̀ jù. Mo ní, "Kẹ́hìndé, ọjọ́ ìbí tí o fi síbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ."

"Kí ni ẹ wí?"

Mo sọ fún un. Nígbà tí mo mú un lọ síléèwé, ọ̀gá iléèwé béèrè ọjọ́ tí a bí i. Mo ní ìgbà tí àgbàdo ń gbó ni, tí òjò sì wó ilé Ìmáàmù. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí àyè fún òjò nínú ìwé ìjọba. Ọjọ́ òmìnira ni ó kọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó kọ fún gbogbo ọmọ tí òbí wọn kò mọ ọjọ́, a sì pọ̀ ju àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lọ. Ràjí pọ̀ ní Ìlá. Ta ni kò mọ̀ pé Táíwò pọ̀?

Ó kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Àfikún mi ti bàjẹ́ nìyẹn! Gbogbo Ìlá ni yóò sọ di ìbejì ara wọn!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ti tán. Ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́. Ó fi ìka pa etí aṣọ tí mo ń ká. Ó ní, "Èyí tí ó wà ní báńkì kì í ṣe òun. Mo gbà. Èyí tí ẹ ń rán aṣọ fún ńkọ́?" Mo tún ń ká etí aṣọ náà lọ. Ó ní, "Màámi, mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní Èkó. N kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò fi ẹnu yín sọ ọ́ fún mi rí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo mú ọwọ́ ọmọ mi méjèèjì. Mo pe orúkọ Ọlọ́run. Mo ní, "Táyé kú. Ẹ kò tíì já lẹ́nu ọmú. Àìsàn kan náà ni ó mú yín, ìwọ bọ́, òun kò bọ́." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Ó wá gbé orí lé aṣọ tí ó wà lórí ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sunkún rẹ̀ ná. N kò sunkún rẹ̀ rí." Ó sunkún. Àṣé omi ń bẹ lójú èmi náà tí mo ti ń dá dúró láti ìgbà yẹn wá, nítorí wọ́n ní a kì í sunkún ìbejì! A jọ sunkún rẹ̀, ìyá àti ọmọ, títí tí oníbàárà kan fi yọjú, tí ó béèrè ẹni tí ó kú.

Kò lọ sí Èkó mọ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tún àfikún náà ṣe, kò jẹ́ kí ó gbára lé ọjọ́ ìbí mọ́. Bí ó bá rí irú àwọn bẹ́ẹ̀, kò ní so wọ́n pọ̀, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Yóò dúró, yóò ní kí ènìyàn lọ béèrè. Ó pè mí lórí tẹlifóònù Alhaja, ó ní, "Màámi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ bi ìyá wọn. Ọ̀gá mi ní kí n yí i sí pé ẹ ṣe ìwádìí." Mo rẹ́rìn-ín, inú mi dùn pé ohùn rẹ̀ ti padà sípò. Ìgbà náà ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ ojú oórì. Ó ní òun fẹ́ dúró níbẹ̀, kí òun ṣe àdúà fún ìkejì òun kí òun tó bí ọmọ tòun.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà. Mo kúnlẹ̀. Ó ti darúgbó púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò darúgbó. "Ìyá Ìbejì, ṣé orí rẹ pé báyìí? O la ẹnu sọ ọ́ fún aboyún, ó wá kù kí o mú un lọ wo ilẹ̀!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ọmọ yín ni ó ń béèrè."

"Kí ó máa béèrè. Ṣé o rò pé èmi ti gbàgbé ni? Èmi ni mo gbé e kalẹ̀." Ó yí ojú sí ògiri, ó fa ìborùn rẹ̀ sójú. Ẹ má pè é ní ìkà. Ìfẹ́ ni ó fi ń ṣe é, ìfẹ́ tí ó dì bí òkúta. Àwọn ọkùnrin tí ó bá a lọ lọ́jọ́ náà ti kú tán. Bí òun náà bá sùn tí kò jí, ó parí.

Àlùfáà wa ní kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn ṣe ìbẹ̀wò sàréè, kí ó tọrọ àánú Ọlọ́run fún ẹni tí ó lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò ní kí n dúró kí ọmọ náà bímọ ní àlàáfíà ná, nítorí ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Èwo ni kí n gbọ́? Bí mo bá mú un lọ, tí nǹkan kan bá ṣe oyún yẹn, kí ni n ó wí fún Núrú? Bí mo bá ní kí ó dúró, tí Ìyá Àgbà bá kú kí ó tó bímọ, kí ni n ó wí fún un, èmi tí mo ti fi Èkó tàn án jẹ láti kékeré? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Báwo ni mo ṣe lè bẹ Ìyá Àgbà tí yóò fi gbà? Ohun kan sì wà tí n kò tíì sọ fún un, tí n kò sọ fún Kẹ́hìndé pàápàá. Nígbà tí ọmọ mi sọ ọ̀rọ̀ ojú oórì lórí tẹlifóònù, kí ẹ̀rù tó bà mí, kí n tó rántí èèwọ̀ kankan, mo ti dìde dúró. Mo ti ń wo ilẹ̀, mo ń wá bàtà mi. Ẹ bá mi bẹ ìyá arúgbó yẹn. Ẹ má tilẹ̀ sọ pé nítorí Kẹ́hìndé ni. Ẹ sọ fún un pé èmi náà fẹ́ mọ ibi tí ọmọ mi wà.